Àáró Orí Fóònù

Ọdún 1999 ni Shawn Fanning, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan ní Boston l'Amẹ́ríkà, gbé Napster jáde. Ẹni tó bá ní orin nínú kọ̀ǹpútà ẹ̀, ẹlòmíì á fà á níbẹ̀ tààrà. Àwọn ilé-iṣẹ́ olórin pè é lẹ́jọ́ títí wọ́n fi tì í pa ní 2001. Ọdún yẹn náà ni Bram Cohen mú BitTorrent dé, tó ń gé fáìlì sí wẹ́wẹ́: bó o ṣe ń gbà lo ń fún ẹlòmíì. Àáró táwọn baba wa ń ṣe lóko kọ́ nìyẹn? Oko tèmi lónìí, tìẹ lọ́la.

Ọpọ́n Ìmọ̀ tíjọba Ọ̀ṣun pín fáwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní 2013 ní tiẹ̀, òkè ló ti wá. Ìwé ti wà nínú ẹ̀ kó tó délé.

Tiwa l'Òkukù níbí, láàrin ara wa ni. Ìdánwò ku ọjọ́ méjì, mi ò ní dátà. Nínú ọkọ̀ tó ń relé, ọmọ kíláàsì wa kan tó ń lọ sí Ìkìrun fi Xender ta nóòtì sí mi. Kí n tó bọ́ọ́lẹ̀ ní Ìnísà, mo ti ta á sí ẹni méjì lẹ́yìn. Àwọn náà ò jókòó lásán o!

Àṣé ẹni tó kọ́kọ́ ya fọ́tò nóòtì yẹn fo ojú ewé kẹta. Ibẹ̀ gan-an ni ìbéèrè kejì ti wá. Ọmọbìnrin tí kò ní fóònù ńlá, tó fọwọ́ kọ tiẹ̀ ní kíláàsì, nìkan ló rí i dáhùn láàrin wa.