Bí òórùn odò Thames ṣe sọ àwọn aṣòfin London di olùfẹ́ ìmọ́tótó

Ẹni tí ó bá dé ìlú London lónìí, tí ó ṣí ẹ̀rọ omi, tí omi tí ó mọ́ gaara sì tú jáde, lè rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bá a láti ìṣẹ̀dálẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, omi tí àwọn ará ìlú náà ń mu gan-an ni ó ń pa wọ́n.

Ní ọdún 1831 ni àrùn onígbáméjì kọ́kọ́ wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èbúté Sunderland ni ó gbà wọlé. Ẹni tí ara rẹ̀ le koko láàárọ̀ lè di òkú kí ilẹ̀ tó ṣú. Ohun tí àwọn dókítà àti àwọn aláṣẹ gbà gbọ́ nígbà náà ni pé òórùn ìdọ̀tí inú afẹ́fẹ́ ni ó ń fa àrùn. Edwin Chadwick, ẹni tí ìròyìn rẹ̀ ti ọdún 1842 ṣe okùnfà Òfin Ìlera Àwùjọ ti 1848, di èrò yìí mú ṣinṣin. A kò ní fi iṣẹ́ rere rẹ̀ dù ú, ṣùgbọ́n èrò náà kó bá àwọn ènìyàn. Kí òórùn lè kúrò nínú ilé, wọ́n ń ṣan ìgbẹ́ inú ṣáláńgá lọ sínú gọ́tà, gọ́tà sì ń tú u sínú odò Thames, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ olómi ti ń fa omi tí wọ́n ń tà fún aráàlú. Wọ́n lé òórùn kúrò ní ìdí, wọ́n gbé ikú sí ẹnu. Láàárín 1848 sí 1849, àrùn yìí pa ènìyàn tí ó ju 14,000 lọ ní London.

Dókítà kan wà tí ń jẹ́ John Snow. Ní 1849, ó kọ ìwé pé inú omi ni àrùn náà ń gbà wọ ara. Wọn kò kà á sí. Ní ọdún 1854, onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní òpópónà Broad Street ní Soho, ó sì pa ènìyàn tí ó ju 600 lọ. Snow ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń béèrè ibi tí olúkúlùkù ti ń pọn omi. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ọtí bíà tí ó wà ní òpópónà náà kò kú. Ọtí ni wọ́n ń mu. Nínú àwọn aláìní tí ó ju 500 lọ tí ìjọba kó sí ilé kan nítòsí, márùn-ún péré ni ó kú. Wọ́n ní kànga tiwọn. Ṣùgbọ́n opó kan tí ń gbé ní Hampstead lọ́hùn-ún kú, nítorí pé ó fẹ́ràn omi Broad Street, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń bù ú wá fún un. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án, wọ́n yọ ọwọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa omi kànga náà.

Òtítọ́ ni pé àrùn náà ti ń rọlẹ̀ kí wọ́n tó yọ ọ́. Snow fúnra rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Àlùfáà Henry Whitehead, tí ó kọ́kọ́ fẹ́ fi hàn pé irọ́ ni Snow ń pa, ni ó wá rí ìdí ọ̀rọ̀: omi tí wọ́n fi fọ aṣọ ìdí ọmọ ọwọ́ kan tí àìsàn ń ṣe ni wọ́n dà sí ihò ẹ̀gbin tí kò tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí kànga.

Síbẹ̀, àwọn aláṣẹ kọ̀. Ìgbà tí ooru mú ní 1858, tí odò Thames ń rùn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń rẹ aṣọ fèrèsé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin sínú oògùn apòórùn, ni ojú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ọjọ́ 18 péré ni wọ́n fi ṣe òfin. Ohun tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún òkú tálákà kò lè ṣe, imú àwọn aṣòfin ṣe é. Oṣù kẹfà ọdún náà ni Snow kú.

Joseph Bazalgette ni ó la gọ́tà ńlá abẹ́ ilẹ̀ tí ó gùn tó máìlì 82, tí ó ń gbé ẹ̀gbin lọ sí ìsàlẹ̀ odò. Òórùn ni wọ́n ní kí ó lé. Ó lé àrùn pẹ̀lú. Nígbà tí onígbáméjì padà dé ní 1866, apá ìlà-oòrùn London, níbi tí iṣẹ́ kò tíì parí, ni ó ti pa ènìyàn tí ó ju 5,000 lọ. Ìyẹn ni àjàkálẹ̀ rẹ̀ ìkẹyìn ní ìlú náà.

Òfin 1875 wá sọ ọ́ di dandan fún ìjọba ìbílẹ̀ gbogbo láti bójú tó omi àti gọ́tà, kí wọ́n sì gba àwọn tí yóò máa yẹ àyíká wò. Irú iṣẹ́ yìí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé dé ọ̀dọ̀ wa, tí àwọn bàbá wa ń pe àwọn tí ń ṣe é ní wolé-wolé.

Gọ́tà Bazalgette ṣì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n èrò London ti pọ̀ jù fún un, bí òjò bá sì rọ̀, ẹ̀gbin a tún máa ya sínú odò. Ìdí nìyí tí wọ́n fi gbẹ́ òmíràn tí ó gùn tó kìlómítà 25 sí abẹ́ Thames, tí gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2025.