Láti Okùn Dé Orí Fóònù: Ìtàn Kámẹ́rà Inú Igbó Ọdẹ

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, nọ́ọ̀sì ni mí, Michigan ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìtàn la máa ń sọ lórí ìkànnì yìí, ní Yorùbá, fún àwa tí wọ́n bí síbí àti àwa tí wọ́n gbé wá ní kékeré. Bí ọ̀rọ̀ kan bá le, ẹ dá fídíò dúró, kí ẹ bi Mọ́mì yín.

Ọ̀rọ̀ ọdẹ ni tòní. Ẹni tó bá ń gbé Michigan mọ̀ pé ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá kì í ṣe ọjọ́ lásán. Ọjọ́ yẹn ni ìjọba máa ń ṣí igbó fún àwọn tó fẹ́ fi ìbọn pa àgbọ̀nrín. Àwọn ilé ìwé kan tiẹ̀ máa ń tì. Níbi iṣẹ́ wa, ìjà ìsinmi ọjọ́ yẹn kì í pẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi wádìí ọ̀rọ̀ yìí ni ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń wò lórí fóònù nígbà tí a bá jókòó jẹun. Àgbọ̀nrín ni wọ́n ń wò! Kámẹ́rà kan wà lára igi nínú igbó, ó jìnnà sí wa ní wákàtí mẹ́ta. Ẹran kọjá níwájú rẹ̀, kò pẹ́ kò jìnnà, àwòrán rẹ̀ ti dé ẹ̀gbẹ́ abọ́ oúnjẹ wa.

Mo wá bi ara mi pé: ta ló kọ́kọ́ rò ó pé ẹran lè ya fọ́tò ara rẹ̀? Kí ló sì dé tí àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà fi ń fòfin de ohun èlò yìí báyìí?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látinú èdè wa. Ọdẹ ń dẹ igbó, ó ń dẹ pàkúté, ó ń dẹ okùn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, "dẹ". Ẹ wo iṣẹ́ okùn dáadáa. Ẹni tó dẹ ẹ́ lè ti lọ sílé, kó jẹun, kó sùn. Okùn ló dúró sójú ọ̀nà dè é. Kámẹ́rà inú igbó, okùn ni òun náà láti ìbẹ̀rẹ̀, okùn gidi.

Ẹni tó dẹ okùn yẹn ni George Shiras. Wọ́n bí i ní 1859 ní Pennsylvania. Agbẹjọ́rò ni, bàbá rẹ̀ sì jẹ́ adájọ́ ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà. Láti kékeré ló ti ń wá ṣọdẹ ní apá àríwá Michigan, lẹ́bàá ìlú Marquette. Àwọn Ojibwe, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, ní ọgbọ́n kan tí wọ́n fi ń ṣọdẹ lóru. Wọ́n á dá iná sínú àwo níwájú ọkọ̀ kékeré, wọ́n á rọra máa wà á lọ lórí adágún. Àgbọ̀nrín tó wá mu omi á gbójú sókè wo iná, ojú rẹ̀ méjèèjì á máa tàn bí ẹyin iná. Àárín ojú méjèèjì yẹn ni ọdẹ ń yìnbọn sí. Ẹ̀yin tí bàbá àgbà yín máa ń de iná mọ́rí ṣọdẹ lóru nílé, ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì sí yín.

Shiras kọ́ ọgbọ́n yìí, ó sì fi pa ẹran. Nígbà tó yá, ó gbé ìbọn sílẹ̀. Láti 1889 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbìyànjú láti fi kámẹ́rà ṣe ohun tí ìbọn ń ṣe. Ó fi ẹ̀tù magnesium rọ́pò iná inú àwo. Tí ó bá ṣáná sí i, á bú gbàmù, gbogbo etí omi á mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán, kámẹ́rà á sì gba àwòrán. Lẹ́yìn náà ló rò ó pé, kí ni mo ń jókòó sínú ọkọ̀ gbogbo òru fún? Ó na okùn kọjá lójú ọ̀nà tí ẹran ń gbà, ó so ó mọ́ kámẹ́rà àti iná. Ẹsẹ̀ ẹran kan okùn, iná bú, àwòrán wọlé. Àgbọ̀nrín ya fọ́tò ara rẹ̀, ẹni tó dẹ okùn sì ń sùn ní tirẹ̀.

Àwọn àwòrán wọ̀nyí gba àmì-ẹ̀yẹ ní Paris ní 1900. Ní oṣù keje 1906, ìwé ìròyìn National Geographic tẹ 74 nínú wọn jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Méjì nínú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ tó ni ìwé ìròyìn náà kọ̀wé fipò sílẹ̀, wọ́n ní wọ́n ti sọ ìwé ọ̀mọ̀wé di ìwé àwòrán. Àwọn òǹkàwé ní tiwọn gbádùn rẹ̀ gan-an.

Kì í ṣe torí àwòrán tó rẹwà nìkan ni Shiras ṣe ń ṣe é. Nígbà ayé rẹ̀, àwọn apẹran tà ti pa ẹran igbó Amẹ́ríkà ní ìpakúpa. Ó wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní 1903, ó sì lo ọdún méjì níbẹ̀. Ní oṣù kejìlá 1904 ló gbé àbá òfin kan wá pé kí ìjọba àpapọ̀ dáàbò bo àwọn ẹyẹ tó máa ń ṣí kiri láti ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀. Àbá náà kò kọjá nígbà náà, àmọ́ ara rẹ̀ ni òfin 1913 ti hù, ìyẹn ló sì ṣí ọ̀nà fún òfin 1918 tó ṣì wà dòní. Ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹni tó gbé ìbọn sílẹ̀ ló ni kámẹ́rà inú igbó. Ó dẹ okùn tí ẹran lè kàn, kó sì máa lọ láàyè.

Ọgbọ́n yìí rìn jìnnà. Ní Íńdíà, òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó ń bójú tó igbó, F. W. Champion, fi irú okùn bẹ́ẹ̀ ya fọ́tò ẹkùn lóru. Ó gbé ìwé rẹ̀ jáde ní 1927. Ní Íńdíà kan náà, láàárín ọdún 1990 sí 1999, Ullas Karanth lo kámẹ́rà láti ka iye ẹkùn tó wà nínú igbó Nagarahole, torí pé ilà ara ẹkùn kan kì í bá ti èkejì mu, bí ìtẹ̀ka tiwa. Nílé wa ní Nàìjíríà, lórí àwọn òkè Mbe ní ìpínlẹ̀ Cross River, kámẹ́rà gba àwòrán ìnàkí gorilla ní 2020, àgbà àti ọmọ pa pọ̀. Àwọn ìnàkí tí kì í fẹ́ fojú kan èèyàn rárá ni. Àwòrán àwọn ọmọ wọn ló fi hàn pé wọ́n ṣì ń bí sí i.

Ibo wá ni nǹkan ti yí padà? Nígbà tí okùn kúrò nílẹ̀ ni. Ẹ̀rọ tó ń mọ̀ bí ohun tó gbóná bá rìn kọjá ló rọ́pò okùn, àwọn ọdẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra á lọ́jà. Àmọ́ fíìmù ṣì wà nínú rẹ̀. Ọdẹ gbọ́dọ̀ rìn wọ igbó lọ mú un, kó gbé e lọ fọ̀, kó tó mọ ohun tó kọjá lọ́sẹ̀ tó lọ. Fíìmù lọ, káàdì kékeré dé. Síbẹ̀ ó ṣì ní láti rìn lọ. Nígbà tí wọ́n wá fi síìmù sínú kámẹ́rà, ìrìn parí. Lóde òní, àwọn kan ń so kámẹ́rà tó lé ní mẹ́wàá pọ̀ láìsí wáyà. Èyí tó wà lódò á fi rédíò ju àwòrán sí èyí tó wà lórí òkè, tòkè á jù ú sí òmíràn, títí á fi dé ọ̀dọ̀ ìyá wọn tó ní síìmù, ìyẹn á wá fi í ránṣẹ́ sí fóònù. Gbogbo igbó ti di ojú kan ṣoṣo.

Àwọn àgbà wa ní, bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà tó jẹ nínú igbó, bó bá pẹran, kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Ẹ gbọ́ ohun tó wà nínú òwe yẹn. Ìyà yẹn ni owó tí ọdẹ ń san. Òtútù, ẹ̀fọn, òru tó lọ lásán, ẹsẹ̀ tó kù díẹ̀ kó já. Ìyà yẹn náà ló ń fún ẹran láyè láti bọ́. Bí a bá wá mú ìyà kúrò, àyè wo ló kù fún ẹran?

Àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà fúnra wọn ti ń bi ara wọn ní ìbéèrè yìí tipẹ́. Theodore Roosevelt ló dá ẹgbẹ́ Boone and Crockett sílẹ̀ ní 1887, kó tó di ààrẹ. Ìlànà wọn ni pé ọdẹ kò gbọ́dọ̀ rẹ́ ẹran jẹ, kí ẹran ní àǹfààní tó tọ́ láti sá. Ẹgbẹ́ yìí ló ń tọ́jú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ẹran ńlá tí ọdẹ pa. Wọn kò sì gba ẹran tó jẹ́ pé àwòrán tó dé lójú ẹsẹ̀ ló darí ọdẹ lọ bá a.

Òfin náà tẹ̀ lé e. Ní New Hampshire, ọdẹ kò gbọ́dọ̀ fi àwòrán tí kámẹ́rà fi ránṣẹ́ lónìí wá ẹran lónìí kan náà. Ní Utah, òfin 2022 ní kí ọdẹ ẹran ńlá má lo kámẹ́rà láti 31 oṣù keje títí di 31 oṣù kejìlá. Ti Arizona ló le jù: láti ọjọ́ kìíní ọdún 2022, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ lo kámẹ́rà inú igbó láti fi pa ẹran rárá. Ilẹ̀ gbígbẹ ni Arizona. Omi kò pọ̀ níbẹ̀, ẹran kò sì lè ṣe kó má mu omi. Bí kámẹ́rà bá yí gbogbo ibi omi ká, ọ̀nà wo ni ẹran fẹ́ gbà?

Èmi rí nǹkan kan nínú àwọn òfin wọ̀nyí tí mo fẹ́ kí ẹ rí. Yàtọ̀ sí Arizona tó ti ilẹ̀kùn pátápátá, àwòrán gan-an kọ́ ni wọ́n ń bá jà. Àkókò ni. Wọ́n ń wo bó ṣe pẹ́ tó láàárín ìgbà tí ẹran kọjá àti ìgbà tí ọdẹ mọ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan, ọdẹ ń kọ́ ìwà ẹran ni. Bí ó bá jẹ́ ìṣẹ́jú kan, ó ti mọ ibi tó wà báyìí, ó kù kó lọ gbé e.

Kí n má ṣègbè, àwọn tó fẹ́ràn kámẹ́rà yìí náà ní ẹjọ́ tiwọn. Wọ́n ní ọdẹ tó ti rí àwọn ẹran tó wà lórí ilẹ̀ rẹ̀ yóò fi ọmọdé ẹran sílẹ̀ kó dàgbà. Wọ́n ní èyí tó ń fi àwòrán ránṣẹ́ dára ju èyí tí èèyàn ń lọ yọ káàdì rẹ̀, torí ẹsẹ̀ èèyàn àti òórùn rẹ̀ ló ń da igbó rú. Wọ́n tún ní òun ló ń mú olè tó wọ ilẹ̀ onílẹ̀. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀.

Iṣẹ́ mi ló jẹ́ kí n rí ibi tí ìyàtọ̀ wà. Ní wọ́ọ̀dù, a máa ń lẹ nǹkan mọ́ àyà aláìsàn, tí yóò máa fi ìlù ọkàn rẹ̀ ránṣẹ́ láìsí wáyà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni à ń wò lójú kan lórí ẹ̀rọ. Bí ọkàn ẹnì kan bá ṣe ségesège, ẹ̀rọ á ké, a ó sáré lọ. Bákan náà ni ẹ̀rọ náà ṣe rí pẹ̀lú ti igbó: ojú púpọ̀, ìròyìn lójú ẹsẹ̀, ẹnì kan níwájú gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n aláìsàn mọ̀ pé à ń wo òun, nítorí tirẹ̀ la sì ṣe ń sáré. Àgbọ̀nrín kò mọ̀. Ẹni tó ń sáré bọ̀ kò sì bọ̀ nítorí rẹ̀.

Kó má baà jẹ́ pé ẹran nìkan là ń káàánú, ẹ gbọ́ ti Tennessee. Ní 1924, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà dájọ́ pé ààbò tí òfin fún ilé èèyàn kò dé inú pápá gbalasa rẹ̀. Lórí ìdájọ́ yẹn ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣọ́ ẹran igbó dúró lé títí di òní. Ní Tennessee, òfin ìpínlẹ̀ gbà wọ́n láyè láti wọ ilẹ̀ èèyàn láìgba ìwé àṣẹ. Ọkùnrin kan tó ń ṣọdẹ lórí ilẹ̀ ara rẹ̀ rí kámẹ́rà lára igi rẹ̀, òun kọ́ ló gbé e síbẹ̀. Wọ́n ti ń dẹ ọdẹ! Ọ̀rọ̀ dé kóòtù. Ní 2024, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ìpínlẹ̀ náà dájọ́ pé ohun tí wọ́n ṣe lòdì sí ìwé òfin Tennessee, tó dáàbò bo ohun ìní èèyàn, kì í ṣe ilé rẹ̀ nìkan.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibi tí mo dúró sí nìyí. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣọdẹ o, ẹran àgbọ̀nrín tí ẹlẹgbẹ́ mi fún mi lọ́dún tó kọjá wà nínú fíríìjì mi, ẹ̀fọ́ rírò la fi jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n mo rò pé àwọn tó fi àkókò díwọ̀n òfin rí i dáadáa. Kí ọdẹ rí ẹran lánàá kò burú. Kí ó máa rí i ní ìṣẹ́jú yìí gan-an, tí ìbọn sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn ti kọjá ọdẹ.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ fún yín lọ́sẹ̀ yìí rèé. Bí bàbá yín, bàbá àgbà yín tàbí ẹ̀gbọ́n kan nínú ẹbí bá ti ṣọdẹ rí, ẹ pè é lórí fóònù. Ẹ bi í pé, ẹran wo ló rí tí kò yìnbọn sí, kí sì ló dé? Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ ní Yorùbá, kí ẹ gbà á sílẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. A ó gbọ́ díẹ̀ nínú wọn nígbà tí a bá tún pàdé. Ó dàbọ̀ o.