Skírípítì ìbẹ̀rẹ̀

Fáìlì àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́ lé lórí fúnra rẹ̀ bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde, láìsí ẹni tó jókòó tì í. Shaheen II, kọ̀ǹpútà alágbára ńlá tí wọ́n gbé kalẹ̀ lọ́dún 2015 ní Yunifásítì KAUST, ní Thuwal lápá àríwá Jeddah, ní kọ̀ǹpútà 6,174 nínú nígbà náà. Kò sí ẹni tó lè máa fọwọ́ tò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àṣìṣe tó ń dani láàmú jù ni ti skírípítì tó sáré jù: ó ń wá fáìlì lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kò tíì dìde. Bí ẹ bá wá fọwọ́ ara yín tẹ àṣẹ náà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á ti dìde, yóò sì ṣiṣẹ́ geere! Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ ka àkọsílẹ̀ iṣẹ́: Windows ń tọ́jú tirẹ̀ sí fódà winevt\Logs, Linux sí /var/log.