Rélùwéè àti Ọkọ̀ Akérò ní Agbègbè Èkó: Ta Ni Ó Ni Ọ̀nà Dé Ibùdó?

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ kan kì í sábàá gbé ènìyàn láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ dé ẹnu iṣẹ́. Ará Akówọnjọ tí ó bá fẹ́ bá ọkọ̀ ojú irin lọ sí Ọ̀yíngbò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ohun tí yóò gbé e dé Agége, nítorí pé irin kò gba Akówọnjọ kọjá. Ta ni ó yẹ kí ó ni ọkọ̀ tí ń gbé èrò lọ sí ìdí ọkọ̀ ojú irin? Ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun ní Èkó. Ó ti lé ní ọgọ́fà ọdún tí wọ́n ti kọ́kọ́ dáhùn rẹ̀, tí wọ́n sì tún fi ìdáhùn náà sílẹ̀.

Ní ọdún 1896 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà irin láti Èkó, ó sì dé Ìbàdàn ní ọdún 1901. Ṣùgbọ́n Ìdó ni ọkọ̀ ń dúró sí, bẹ́ẹ̀ ni ọjà, ilé ìṣòwò àti èbúté wà ní erékùṣù Èkó ní òdìkejì omi. Afárá Carter ni ó so méjèèjì pọ̀. Kí ọ̀nà tí ó kù náà má baà di ìṣòro, Rélùwéè fúnra rẹ̀ ṣe ọkọ̀ ojú irin kékeré kan ní ọdún 1902, tí ó ń gba orí afárá náà kọjá láti Ìdó wọ inú Èkó. Ẹni tí ó ni ọkọ̀ ńlá náà ni ó ni kékeré. Nígbà tí ó ṣe, wọ́n fi irin kékeré náà kó ẹ̀gbin ìlú pẹ̀lú. Owó tí ń ti ọwọ́ èrò wọlé kò tó ìnáwó, nítorí náà ni wọ́n ṣe dáwọ́ èrò gbígbé dúró ní ọdún 1914. Ẹ̀gbin nìkan ni ó ń kó títí di ọdún 1933 tí ó fi kógbá sílé.

Ní òkè, wọ́n ṣe ọ̀nà mọ́tò láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́ ní ọdún 1906. Kò pẹ́ tí mọ́tò ìjọba fi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lójú ọ̀nà náà, tí ẹrù àti èrò rẹ̀ sì ń bọ́ sọ́wọ́ rélùwéè ní Ìbàdàn. Nígbà yẹn, ọmọ ọ̀dọ̀ irin ni mọ́tò. Kò tíì di orogún rẹ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ mìíràn yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yéni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé iṣẹ́ Great Western Railway bẹ̀rẹ̀ sí í fi bọ́ọ̀sì gbé èrò láti Helston lọ sí Lizard ní oṣù kẹjọ ọdún 1903, nítorí pé bọ́ọ̀sì dínwó ju kí wọ́n la irin tuntun lọ. Òfin ọdún 1928 fún àwọn ilé iṣẹ́ rélùwéè ní àṣẹ kíkún lórí ìrìnnà ojú títì. Ní ọdún 1929, Great Western di alájọni ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì Western National. Ní ilẹ̀ Japan, Rélùwéè ìjọba bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀sì tirẹ̀ ní ọdún 1930. Àwọn wọ̀nyí rí i pé àdánù ojú títì lè di èrè lójú irin, bí àpò kan náà bá ni méjèèjì.

Ọ̀nà mìíràn ni Nàìjíríà gbà. Ní ọdún 1912, wọ́n so Rélùwéè Èkó àti ti Baro sí Kano pọ̀. Irin yìí ni obì Agége ń bá lọ sí Òkè Ọya, láti oko àwọn àgbẹ̀ bíi Jacob Kẹ́hìndé Coker, tí ó wà lára àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ àgbẹ̀ Agége tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1907. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà mọ́tò ti ń pọ̀ sí i, ọmọ ìbílẹ̀ ra lọ́rí, ó sì ń kó kòkó láti ẹ̀yìn oko lọ tààrà. Dípò kí Rélùwéè sọ wọ́n di alábàáṣe, owó ìwé àṣẹ ni ìjọba fi há wọn mọ́ ní àwọn ọdún 1930. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà lára àwọn tí ó dúró fún ẹgbẹ́ onímọ́tò nígbà náà. Báyìí ni irin àti títì ṣe di orogún.

Nínú ìlú Èkó, oníṣòwò ará Gíríìkì, Zarpas, ni ó ni bọ́ọ̀sì títí ìgbìmọ̀ ìlú fi rà á ní ọdún 1958. Lẹ́yìn náà ni mọlúè àti dáńfó gba ìgboro, tí kẹ̀kẹ́ Márúwá sì tẹ̀lé wọn. Ní ọdún 1983, Gómìnà Lateef Jákàńdè fi ìpìlẹ̀ ọkọ̀ ojú irin ìgboro lélẹ̀, ṣùgbọ́n ìjọba ológun pa ètò náà tì ní ọdún 1985. Èèyàn kò sì dúró de ọkọ̀. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2006, iye àwọn tí a kà ní Alímọ̀ṣọ́, níbi tí Akówọnjọ wà, jẹ́ 1,277,714.

Ìpadàbọ̀ èrò àtijọ́ náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òfin ọdún 2002 tí ó dá àjọ LAMATA sílẹ̀. Bọ́ọ̀sì BRT bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2008, ó sì dé ọ̀nà Abúlé Ẹ̀gbá sí Òṣòdì, tí ó gba Dòpèmú kọjá, ní ọdún 2020. Ní ọdún 2021 ni wọ́n mú àwọn bọ́ọ̀sì kéékèèké jáde fún ọ̀nà inú àdúgbò. Ní ọdún 2024, ọkọ̀ ojú irin ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Agbádó gba Agége àti Ìkẹjà dé Ọ̀yíngbò. Káàdì kan náà ni èrò fi ń wọ irin àti BRT. Àmọ́ LAMATA kì í ṣe oníbọ́ọ̀sì bí ti Great Western. Olùṣètò ni, àwọn mìíràn ni wọ́n ń wa ọkọ̀.

Kí wá ni ẹ̀kọ́ ibẹ̀? Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ ọ́ sínú ìdánwò pé níní ọkọ̀ nìkan ni ojútùú yóò gbàgbé ọdún 1914, nítorí pé Rélùwéè ni ó ni irin kékeré Èkó, síbẹ̀ ó kú. Èyí tí ó bá sì ní kí oníkálukú máa wa ọkọ̀ rẹ̀ bó ti wù ú yóò gbàgbé ìyà èrò tí ń ti orí ọkọ̀ kan bọ́ sí òmíràn, tí ó ń san owó ní ibi gbogbo. Kókó ibẹ̀ ni ẹni tí yóò gba àdánù ọ̀nà kúkúrú náà mọ́ra nítorí èrè ọ̀nà gígùn. Bí kò bá sí ẹni tí ó gbà á, àpò èrò ni àdánù náà yóò já sí. Láàárọ̀, láti Akówọnjọ sí Agége, kó tó fojú kan irin rárá, ni ará àdúgbò náà yóò ti mọ̀ bóyá ẹnì kan gbà á.