Oúnjẹ Ọmọ Ọdún Kan sí Mẹ́ta: Fún Ẹ̀yin Òbí Tó Ń Gbé ní Johannesburg

Ẹ̀yin òbí, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹsẹ̀ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tó dára àti ohun tó kàn dùn. Ohun tó bá ń rí nínú àwo lójoojúmọ́ ni yóò gbà pé ó ń jẹ́ oúnjẹ. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní àṣà ìjẹun tó dára láàárín ọdún kan sí ọdún mẹ́ta, kí ẹ má ṣe dúró dìgbà tó bá wọ ilé ẹ̀kọ́.

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe kékeré ní orílẹ̀-èdè tí ẹ wà yìí. Ìwádìí ìlera tí ìjọba Gúúsù Áfíríkà ṣe lọ́dún 2016 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, 27 ló kúrú ju bó ti yẹ fún ọjọ́ orí wọn, 13 sì sanra jù. Ìṣòro méjèèjì lè wà lábẹ́ òrùlé kan náà, nítorí pé oúnjẹ tó ń yó ikùn ọmọ tí kò sì ní èròjà aṣaralóore nínú lè fa èyíkéyìí nínú wọn. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Witwatersrand ti ń tẹ̀ lé ìdàgbàsókè àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní Soweto àti Johannesburg lọ́dún 1990. Wọ́n rí i pé àwọn ọmọbìnrin tó ti sanra jù láti ọdún mẹ́rin sí mẹ́jọ ni ó ṣeé ṣe jù lọ pé kí wọ́n ṣì sanra jù nígbà tí wọ́n bá pé ọdún 16 sí 18.

Kí ló dé tí ọmọ mi kò jẹun mọ́?

Ìbéèrè tí àwọn ìyá máa ń béèrè jù lọ nìyí. Nínú ọdún àkọ́kọ́, ìwọ̀n ọmọ máa ń di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ìwọ̀n tí wọ́n bí i. Nínú ọdún kejì, nǹkan bíi kílò 2 sí 3 péré ni ó sábà máa ń fi kún un. Bí ìdàgbàsókè bá ti rọlẹ̀ báyìí, ebi kò ní máa pa ọmọ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó lè jẹun dáadáa lónìí, kí ó sì fọwọ́ ti àwo sẹ́yìn lọ́la. Bí ó bá ń ṣeré, tí ara rẹ̀ le, tí ìlà ìdàgbàsókè rẹ̀ nínú ìwé kílíníìkì sì ń lọ sókè bó ti yẹ, kò sí ohun tó ń ṣe é.

Ìbẹ̀rù tí ìyípadà yìí máa ń dá sílẹ̀ ló ń mú kí a máa fi ipá bọ́ ọmọ. Ẹ̀yin náà ti rí i nílé: wọn á gbé ọmọ sórí itan, wọn á fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe bí ife sí i lẹ́nu, wọn á da ẹ̀kọ sí i, bí ọmọ bá sì ti yanu láti ké, ẹ̀kọ á wọlé. Ìfẹ́ ló mú kí àwọn ìyá wa máa rọ ọmọ bẹ́ẹ̀, pàápàá nígbà tí ọmọ bá ń ṣàìsàn tí kò sì fẹ́ fi nǹkan kan kan ẹnu. Síbẹ̀, ewu wà níbẹ̀. Oúnjẹ lè gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ọmọ náà tún lè bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù àkókò oúnjẹ, tàbí kí ó máà lè mọ ìgbà tí òun yó mọ́. Ọmọ tí kò mọ ìgbà tó yó lè di àgbàlagbà tí kò mọ̀ ọ́n pẹ̀lú.

Ní àwọn ọdún 1980, Ellyn Satter, onímọ̀ oúnjẹ kan ní Amẹ́ríkà, pín iṣẹ́ náà sí méjì, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìlera sì ti ń lo ìlànà rẹ̀ láti ìgbà náà. Òbí ni yóò pinnu ohun tí a óò jẹ, ìgbà tí a óò jẹ ẹ́ àti ibi tí a óò ti jẹ ẹ́. Ọmọ ni yóò pinnu bóyá òun yóò jẹ àti bí yóò ti pọ̀ tó. Ó ṣòro fún òbí Yorùbá láti gba apá kejì yìí, nítorí pé lójú wa, àwo tó ṣẹ́kù dà bí ìwà àìmoore. Ẹ fi díẹ̀ sínú àwo nígbà náà: ṣíbí ìjẹun kan nínú oúnjẹ kọ̀ọ̀kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan tí ọmọ ti lò láyé ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ sí i, yóò béèrè. Ẹ fún un ní oúnjẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ àti ìpápánu lẹ́ẹ̀mejì, ní àkókò tí kì í yí padà, kí ẹ sì gbé e kúrò lẹ́yìn nǹkan bí ìdajì wákàtí. Ẹ má fi bisikíìtì rọ́pò oúnjẹ tí ó kọ̀.

Bí oúnjẹ bá jẹ́ tuntun sí ọmọ, kíkọ̀ tí ó kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kò túmọ̀ sí pé kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó lè tó ìgbà 10 tàbí 15 tí ẹ óò gbé e síwájú rẹ̀ kí ó tó gbà láti tọ́ ọ wò. Ẹ jẹ ẹ́ lójú rẹ̀, kí tẹlifíṣọ̀n sì wà ní pípa. Ọmọ kì í jẹ ẹ̀fọ́ tí bàbá rẹ̀ kì í jẹ.

Ẹyin, ẹran àti ọ̀rọ̀ olè

A dàgbà bá a pé bí ọmọdé bá ń jẹ ẹyin tàbí ẹran, yóò di olè. Bóyá ohun tí àwọn àgbà ń ṣọ́ ni pé kí ọmọ má ṣe wọ̀kòkò lẹ́yìn ohun tí owó ilé kò ká. Àmọ́ ọmọ ọdún kan sí mẹ́ta nílò àwọn oúnjẹ wọ̀nyí ju àgbàlagbà lọ, nítorí pé ọpọlọ rẹ̀ àti egungun rẹ̀ ń dàgbà, ikùn rẹ̀ sì kéré. Ẹyin kan lójúmọ́ kò pọ̀ jù fún un. Ẹ̀dọ̀ adìẹ, tí kò wọ́n ní Johannesburg, kún fún èròjà irin àti fítámì A. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó. Ẹja pilchard inú agolo dára, bí ẹ bá ti fi ọwọ́ fọ́ ọ wò dáadáa nítorí egungun.

Oúnjẹ ilé wa wà ní Johannesburg

Àwọn òbí kan rò pé oúnjẹ tó dára fún ọmọ gbọ́dọ̀ wá láti inú páálí tí àwòrán ọmọ tó sanra wà lára rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ní ọjà Yeoville ẹ ó rí gààrí, èlùbọ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, àmọ́ owó ọkọ̀ òfuurufú tàbí ọkọ̀ ojú omi wà lórí wọn. Ẹ wo ohun tí àwọn ará ìlú ń jẹ. Ewébẹ̀ tí àwọn Sotho ń pè ní morogo, tí àwọn Zulu ń pè ní imifino, tẹ̀tẹ̀ tiwa àti ewé ẹ̀wà wà lára rẹ̀. Amadumbe ni kókò. Amasi jẹ́ wàrà tó ti kan, ó sì dára fún ọmọ bí kò bá ní ṣúgà. Ànàmọ́ pọ̀ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni butternut tó jẹ́ ìbátan elégédé. Ẹ̀wà ṣúgà tí wọ́n ń tà níbi gbogbo ṣeé fi se gbẹ̀gìrì. Àwọn tó ń ra oúnjẹ lápapọ̀ lè lọ sí ọjà ńlá City Deep, níbi tí èso àti ewébẹ̀ ti dínwó.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2003 ni òfin Gúúsù Áfíríkà ti mú un ní dandan pé kí wọ́n fi fítámì A, èròjà irin, zinc àti folic acid pẹ̀lú àwọn èròjà mìíràn sínú ìyẹ̀fun àgbàdo àti ti àlìkámà tí wọ́n ń tà. Pap tí ẹ ń rà ní irú àfikún yìí. Ògì tí ẹ bá fúnra yín rẹ, tí ẹ lọ̀, tí ẹ sì sẹ́ kò ní in, sísẹ́ rẹ̀ sì máa ń kó lára oore inú àgbàdo dànù. Ẹ̀kọ lásán kò tó fún ọmọ, yálà ti ilé ni o, yálà ti ọ̀rá. Ní Ìpínlẹ̀ Kwara, ní apá ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kọ́ àwọn ìyá láti máa fi ìyẹ̀fun ẹ̀wà, epo pupa àti ọkà tí a mú hù sínú ẹ̀kọ ọmọ. Ẹ̀kọ Ìlera ni wọ́n pè é. Ẹ lè ṣe irú rẹ̀ níbí: ẹ po ẹ̀wà tí ẹ ti sè jinná tí ẹ sì lọ̀ kúnná mọ́ pap rírọ̀, tàbí ẹ̀pà lílọ̀ tí kò ní ṣúgà, tàbí kí ẹ po ẹyin sí i nígbà tó ń hó lórí iná. Bí ẹyin tàbí ẹ̀pà bá jẹ́ tuntun sí ọmọ náà, ẹ kọ́kọ́ fi ìwọ̀nba díẹ̀ tọ́ ọ wò. Ata kò pọn dandan. Ẹ bu ti ọmọ sọ́tọ̀ kí ẹ tó ta ata sọ́bẹ̀.

Ohun mímu àti ìpápánu

Omi àti wàrà ni ohun mímu ọmọdé. Bí ọmọ bá ṣì ń mu ọmú, ẹ jẹ́ kí ó máa mu ún títí yóò fi pé ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wàrà màlúù kò gbọ́dọ̀ ju nǹkan bí ìlàjì lítà lọ lójúmọ́, nítorí ọmọ tó bá fi wàrà yó kì í jẹun, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì máa ń dín kù. Ẹ fi ife rọ́pò ìgò kó tó pé oṣù 18. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2018 ni ìjọba ti ń gba owó orí lórí àwọn ohun mímu aládùn, àmọ́ kò sí iye ẹlẹ́rìndòdò tó yẹ ọmọ ọdún méjì. Tíì dúdú máa ń dí ara lọ́wọ́ láti gba èròjà irin inú oúnjẹ. Rooibos kò burú tó bẹ́ẹ̀, bí kò bá ní ṣúgà.

Pólónì, ẹran lílọ̀ tí wọ́n ń gé sáàárín búrẹ́dì, kì í ṣe oúnjẹ tó yẹ ọmọ yìí lójoojúmọ́. Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀. Òun ni wọ́n tọpasẹ̀ àrùn listeriosis dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nígbà tí àrùn náà pa ènìyàn tó lé ní 200 ní orílẹ̀-èdè yìí láàárín ọdún 2017 sí 2018. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ọmọdé mẹ́fà kú ní Naledi, ní Soweto, oògùn apakòkòrò terbufos ni àyẹ̀wò sì sọ pé ó pa wọ́n. Ẹ má ṣe ra oògùn eku tí kò ní orúkọ lára, kí ẹ má sì gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sítòsí oúnjẹ.

Odindi ẹ̀pà, gúgúrú, súìtì líle àti odindi èso àjàrà lè há ọmọ lọ́fun. Ẹ gé èso àjàrà àti sọ́sééjì ní gígùn.

Bí ọmọ yín bá ń lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi, ibẹ̀ ni ó ti ń jẹ púpọ̀ nínú oúnjẹ rẹ̀. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń fún un, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ẹ kò fẹ́ kí wọ́n máa fi súìtì tù ú nínú.

Ẹ̀tọ́ ọmọ yín ní kílíníìkì

Gbogbo ọmọ ló yẹ kó ní ìwé Road to Health. Bí a kò bá bí tiyín síbí, ẹ béèrè rẹ̀ ní kílíníìkì. Níbẹ̀ ni wọn yóò ti máa wọn ọmọ, wọn yóò máa fún un ní fítámì A ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà títí yóò fi sún mọ́ ọdún márùn-ún, àti oògùn aràn bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kan.

Àwọn òbí kan kì í lọ nítorí ìwé ìgbélùú. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2003 fún aláboyún, ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà ní ìtọ́jú ọ̀fẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba, bí wọn kò bá sí lábẹ́ ètò ìbánigbófò ìlera. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, Ilé Ẹjọ́ Gíga ní Johannesburg fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹ̀tọ́ yìí kan àwọn tí kì í ṣe ọmọ ìlú náà, bóyá wọ́n ní ìwé tàbí wọn kò ní.

Bí okùn tí wọ́n fi ń wọn apá ọmọ tó ti lé ní oṣù mẹ́fà bá fi hàn pé apá rẹ̀ kò tó sẹ̀ǹtímítà 11.5, tàbí bí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bá wú, tàbí bí kò bá lè mu nǹkan kan, tàbí tí ó ń bì gbogbo ohun tó bá mu, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára.