Ta Ni Yóò Sọ Pé Kí Iṣẹ́ Dúró?

 

Bí ẹ bá dé ibi tí wọ́n gbé ń kọ́ ilé ńlá tàbí afárá, oríṣiríṣi ènìyàn ni ẹ ó bá níbẹ̀. Ẹni tí ó ni iṣẹ́ ń bẹ, òun ni ó ń sanwó. Ẹni tí ó ya pláànù ń bẹ. Kọngílá ń bẹ, fọ́máànù ń bẹ, bíríkìlà ń bẹ, lébìrà tí ń ru yanrìn sì ń bẹ. Nígbà tí nǹkan bá ń lọ déédéé, kò sí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ewu bá yọjú, ta ni ó ní àṣẹ láti sọ pé kí iṣẹ́ dúró? Ní ilẹ̀ Kánádà ní ọdún 1907, wọn kò rí ẹni dáhùn ìbéèrè yìí, ènìyàn 75 sì bá a lọ. Ìtàn wọn ni mo fẹ́ sọ lónìí.

Odò kan wà ní Kánádà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ St. Lawrence. Ó fẹ̀, ó jìn, ọkọ̀ òkun ń gba inú rẹ̀ kọjá, nígbà òtútù yìnyín a sì máa dì lójú rẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ará ìlú Quebec ti ń fẹ́ afárá tí ọkọ̀ ojú irin yóò gbà rékọjá odò yìí. Nígbà tí ó yá, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ nítorí rẹ̀, wọ́n sì gbé iṣẹ́ irin fún Phoenix Bridge Company ní Pennsylvania, ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹni tí wọ́n fi ṣe olùdámọ̀ràn, tí ohun gbogbo wà lọ́wọ́ rẹ̀, ni Theodore Cooper, ẹnjiníà tí òkìkí rẹ̀ kàn. New York ni ó ń gbé.

Ẹ fi ojú inú wo ẹni méjì tí wọ́n dúró sí bèbè odò, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, tí wọ́n ń na ọwọ́ sí ara wọn lórí omi. Bí afárá náà yóò ti rí nìyẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, 1,600 ẹsẹ̀ bàtà ni àárín òpó méjèèjì. Ní ọdún 1900, Cooper ní kí wọ́n sọ ọ́ di 1,800, kí òpó lè bọ́ sí ibi tí omi kò ti jìn púpọ̀. Ìdí rere ni. Ṣùgbọ́n afárá Forth ní ilẹ̀ Scotland, tí ó gùn jù láyé nígbà náà, 1,710 ẹsẹ̀ bàtà ni tirẹ̀. Èrò tèmi ni pé ìfẹ́ láti borí ará Scotland kò ṣàì sí nínú ọ̀rọ̀ náà.

Irin tí ń gbé ẹrù, ẹrù ni òun fúnra rẹ̀. Bí afárá bá gùn sí i, irin rẹ̀ yóò wúwo sí i, àwọn irin ìsàlẹ̀ ni yóò sì ru gbogbo rẹ̀. Wọ́n mú afárá gùn, ṣùgbọ́n ìwúwo ti tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣírò lọ. Ọdún 1906 ni àṣìṣe yìí tó hàn síta, nígbà tí wọ́n ti rọ irin púpọ̀, tí wọ́n sì ti gbé apá kan dúró. Cooper yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò ní burú, kí iṣẹ́ máa lọ.

Ṣáájú èyí, ìjọba Kánádà ti fẹ́ kí ẹnjiníà mìíràn máa tún iṣẹ́ Cooper yẹ̀ wò. Èyí kò dùn mọ́ ọn rárá. Ó lọ sí Ottawa, ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀. Kì í ṣe ìkà ènìyàn o. Ó gbọ́n, ó mọṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ti dàgbà, ara rẹ̀ kò sì le. Ọdún 1903 ni ó fi ẹsẹ̀ tẹ ibi iṣẹ́ gbẹ̀yìn, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí gbé irin afárá náà sókè. Afárá tí ó ń darí, kò fojú rí i. Lẹ́tà àti wáyà ni ó fi ń ṣe é.

Àwọn wo ni ó wà níbẹ̀ nígbà náà? Norman McLure, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì pẹ́ tí ó jáde ní yunifásítì, ni ojú Cooper níbi iṣẹ́. Kí ó wò, kí ó sì kọ̀wé ni tirẹ̀. Edward Hoare ni olórí ẹnjiníà fún àwọn tí ó ni afárá, ṣùgbọ́n kò ṣe afárá tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ rí. Yenser ni fọ́máànù àwọn kọngílá.

Nínú oṣù kẹjọ ọdún 1907, McLure ṣàkíyèsí pé àwọn irin ńlá ìsàlẹ̀ ní apá gúúsù ń tẹ̀. Ó kọ̀wé sí New York. Àwọn ará Phoenix ní irin náà ti tẹ̀ kí wọ́n tó gbé e sókè. McLure ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ojú òun ni ó ṣe ń tẹ̀. Ní ọjọ́ 27, ó tún fi okùn wọ̀n ọ́n. Irin kan tí ó yẹ̀ kúrò lójú ìlà ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íǹṣì ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ti yẹ̀ ní íǹṣì méjì àti ìdá mẹ́rin.

Yenser dá iṣẹ́ dúró. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó yí ọkàn padà, iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀. Hoare kò dá a lẹ́kun. Ó ń rò ó pé bí iṣẹ́ bá dúró, ọkàn àwọn òṣìṣẹ́ yóò rẹ̀wẹ̀sì, wọn yóò túká, a kò sì ní rí wọn mọ́ ní ọdún náà. Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ níhìn-ín. Gbogbo wọn ni ó rí ewu. Kò sí ẹni tí ó pa á mọ́. Ṣùgbọ́n olúkúlùkù ń wo ẹni tí ó jù ú lọ, ẹni tí ó ju gbogbo wọn lọ sì wà ní New York.

Ni wọ́n bá ní kí McLure lọ bá Cooper. Ó wọ ọkọ̀ ojú irin, ó sì dé New York ní òwúrọ̀ ọjọ́ 29. Cooper gbọ́ ẹnu rẹ̀, ojú ẹsẹ̀ ni ó tẹ wáyà pé kí wọ́n má ṣe gbé ẹrù kankan lé afárá mọ́. Ṣùgbọ́n Pennsylvania ni ó tẹ wáyà náà sí, lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá Phoenix. Kò tẹ̀ ẹ́ sí Quebec, níbi tí àwọn ènìyàn wà lórí irin. Àwọn ọ̀gá ní Pennsylvania jókòó pẹ̀lú McLure ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ní kí ọ̀rọ̀ di òwúrọ̀ ọ̀la.

Ní nǹkan bí aago márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń múra àtilọ sílé, afárá fọhùn. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 15 péré, nǹkan bí 19,000 tọ́ọ̀nù irin ti wó sínú odò. Ènìyàn 86 ni ó wà lórí rẹ̀; 75 kú, Yenser sì wà nínú wọn.

Nínú àwọn òkú, 33 ni ọmọ ẹ̀yà Mohawk láti ìlú Kahnawake, lẹ́bàá Montreal. Iṣẹ́ irin lókè réré ni àwọn ènìyàn yìí mọ̀ jù. Wọ́n ní àwọn obìnrin ìlú náà fi dandan lé e lẹ́yìn náà pé kí àwọn ọkùnrin wọn má ṣe péjọ síbi iṣẹ́ kan ṣoṣo mọ́. Irin ni wọ́n fi ṣe àgbélébùú sórí ibojì wọn.

Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí ìjọba gbé kalẹ̀ jábọ̀ ní ọdún 1908. Wọ́n rí àṣìṣe nínú pláànù, wọ́n sì sọ ọ́. Wọ́n tún rí i pé nínú gbogbo ẹni tí ó wà níbi iṣẹ́, kò sí ọ̀kan tí ìmọ̀ àti àṣẹ pé sí lọ́wọ́. Wọ́n tún afárá mìíràn kọ́. Àárín rẹ̀ já bọ́ nígbà tí wọ́n ń fà á sókè ní 1916, ènìyàn 13 sì kú. Ọdún 1917 ni wọ́n tó parí rẹ̀. Láti 1925 ni àwọn ẹnjiníà Kánádà ti ń fi òrùka irin sí ìka tí ó kéré jù nígbà tí wọ́n bá jẹ́jẹ̀ẹ́ iṣẹ́ wọn. Àwọn kan a máa sọ pé lára irin afárá tí ó wó ni wọ́n ti rọ òrùka náà. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n kò yà mí lẹ́nu pé wọ́n ń sọ ọ́.

Ó pẹ́ kí òfin tó dáhùn ìbéèrè wa. Ní 1988, Àjọ Iṣẹ́ Àgbáyé fẹnu kò ní Geneva pé òṣìṣẹ́ ilé kíkọ́ tí ó bá ní ìdí láti gbà pé ewu ńlá ti dé ní ẹ̀tọ́ láti kúrò níbẹ̀, kí ó sì sọ fún ọ̀gá rẹ̀ lójú ẹsẹ̀; ọ̀gá náà ní láti dá iṣẹ́ dúró. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin 1994 ni ó kọ́kọ́ pín ẹrù ààbò fún olúkúlùkù. Wọ́n tún un ṣe ní 2007 àti ní 2015. Lábẹ́ òfin 2015, bí kọngílá bá ju ẹyọ kan lọ, olówó iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi ìwé yan olórí ayàwòrán àti olórí kọngílá. Bí kò bá yàn wọ́n, iṣẹ́ wọn di ti òun fúnra rẹ̀, àfi bí ó bá jẹ́ ilé ara rẹ̀ ni ó ń kọ́. Ayàwòrán gbọ́dọ̀ ro ti ẹni tí yóò gun òkè lọ kọ́ ohun tí òun ń yà lórí tábìlì. Olórí kọngílá gbọ́dọ̀ kọ ètò ààbò sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Òfin sì sọ pé ayàwòrán tàbí kọngílá tí kò ní ìmọ̀ àti ìrírí iṣẹ́ kan kò gbọ́dọ̀ gbà á. Mo rántí Hoare nígbà tí mo ka ibẹ̀.

Àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ilé kíkọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù mọ òwúrọ̀ àkọ́kọ́ níbi iṣẹ́ tuntun. A kì í gbé ṣọ́bìrì lé ẹni lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n a kọ́kọ́ mú un jókòó, wọ́n a fi ọ̀nà tí a ń gbà sá hàn án bí iná bá sọ, wọ́n a sọ àwọn ewu tí ó wà níbẹ̀ fún un, wọ́n a sì sọ orúkọ ẹni tí yóò pè bí ó bá rí ohun tí kò dára.