Ìrì Tí Ń Wó Ojú Irin

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Itọ́ kò tó po amọ̀, nítorí náà ìrì òwúrọ̀ lásán tó láti wó irú ilé bẹ́ẹ̀. Ọ̀mọlé ni a sábà máa ń fi òwe yìí bá wí, bí ẹni pé ká ní ó fi omi gidi po amọ̀ rẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán síbẹ̀. Ti ojú irin kò rí bẹ́ẹ̀. Bó ti wù kí a kọ́ ọ dáadáa tó, ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó gba orí rẹ̀ kọjá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wó o.

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin láti Èkó lọ sí Mọ́níyà n'Íbàdàn, ní ọ̀nà tuntun tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021, yóò rí òkúta fífọ́ tó tẹ́ lọ rẹrẹ lábẹ́ irin. Ọ̀pọ̀ ń rò pé kí koríko má baà hù ni wọ́n ṣe dà á síbẹ̀, pé bóòtù ló so irin mọ́lẹ̀. Sílípà ni bóòtù so irin mọ́, ìyẹn kọnkéré tàbí pákó tí a fi dábùú sábẹ́ rẹ̀. Kò sí bóòtù kankan tó so sílípà mọ́ ilẹ̀. Òkúta yẹn nìkan ló dì í mú. Òun ló ń pín ẹrù ọkọ̀ ká kó tó kan ilẹ̀, òun ló ń jẹ́ kí omi òjò ráyè ṣàn lọ, òun náà ni kì í jẹ́ kí sílípà yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìdí nìyẹn tí òkúta odò kò fi wúlò níbẹ̀: ó ti dán jù, bí a bá tẹ̀ ẹ́, yíyí ló ń yí. Òkúta tí a fọ́, tí igun rẹ̀ mú, a máa há mọ́ra. Èyí tí wọ́n ń lò ní Yúróòpù wà láàárín mílímítà 31.5 sí 50.

Lóòótọ́, irin fúnra rẹ̀ ń là. Ní Hatfield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́jọ́ 17 oṣù kẹwàá ọdún 2000, irin tó ti sán wẹ́wẹ́ lórí fọ́ yángá lábẹ́ ọkọ̀, èèyàn mẹ́rin sì kú. Nítorí irú sísán bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ kan ṣe wà tó ń fi òkúta ìlọrin tí ń yí gbirigbiri họ ojú irin díẹ̀díẹ̀, kí sísán náà tó jinlẹ̀. Ṣùgbọ́n abẹ́ irin ni wàhálà ojoojúmọ́ wà.

Bí ọkọ̀ ṣe ń kọjá, òkúta ń sún, igun rẹ̀ ń ṣẹ́, ibì kan á rì ju ibì kejì lọ. Láyé àtijọ́, àwọn òṣìṣẹ́ máa ń fi jáàkì gbé irin sókè, wọ́n á sì máa fi dígà ki òkúta sábẹ́ sílípà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ náà. Plasser & Theurer, tí Franz Plasser àti Josef Theurer dá sílẹ̀ ní Ọ́stríà ní 1953, wà lára àwọn tó sọ ẹ̀rọ yìí di ìlú mọ̀ọ́ká. Orí ojú irin tó fẹ́ tún ṣe gan-an ló ń rìn. Á gbá irin mú lórí, á gbé e sókè tòun ti sílípà, á sì fà á sọ́tùn-ún tàbí sósì títí yóò fi tọ́. Nígbà náà ni àwọn ìka irin á wọ inú òkúta lọ níwájú àti lẹ́yìn sílípà. Wọ́n ń gbọ̀n bí wọ́n ṣe ń wọlé, nínú ẹ̀rọ Plasser ó ń tó ìgbà 35 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, òkúta á sì yàgò fún wọn bí ẹ̀wà ṣe ń rọra jókòó nígbà tí a bá ń mi àpò rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ìka iwájú àti ìka ẹ̀yìn á sún mọ́ra, wọ́n á fún òkúta pọ̀ sí àyè tó ṣófo lábẹ́ sílípà. Kíkì ni mo ń pè é, bí ọdẹ ṣe ń ki ìbọn. Àwọn kan wà lára ẹ̀rọ ńlá wọn tó ń ki sílípà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà.

Àmọ́ ọ̀tọ̀ ni kí ojú irin tọ́, ọ̀tọ̀ ni kí ara rẹ̀ yá. Gbogbo ìgbà tí ìka irin bá wọlé ló ń fọ́ díẹ̀ lára òkúta. Ìwòsàn náà ń dá egbò sílẹ̀. Òkúta tún ní ìrántí. Bí a bá gbé irin sókè ní mílímítà díẹ̀ péré, òkúta kò rí àyè tún ara wọn tò. Wọ́n kàn fẹ̀ díẹ̀ ni. Bí ọkọ̀ bá ti kọjá fúngbà díẹ̀, wọ́n á padà sí bí wọ́n ṣe wà, kòtò tí a dí yóò sì yọjú ní ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́.

Àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin ní Bírítéènì ti mọ èyí kí ẹ̀rọ tó dé. Wọ́n á wọn bí sílípà ṣe rì tó, wọ́n á gbé e sókè, wọ́n á fi ṣọ́bìrì bu ìwọ̀n òkúta wẹ́wẹ́ tó bá kòtò náà mu sábẹ́ rẹ̀, láì da ìsàlẹ̀ tó ti jókòó rú. British Rail ló sọ ọgbọ́n yìí di ẹ̀rọ ní ibùdó ìwádìí wọn ní Derby. Ẹ̀rọ náà á ti ọ̀pá oníhò bọ ẹ̀gbẹ́ sílípà, á sì fi atẹ́gùn fẹ́ òkúta tó tó nǹkan bí mílímítà 20 wọ abẹ́ rẹ̀. Kíkì ń da òkúta àtijọ́ láàmú kó lè ṣiṣẹ́. Fífẹ́ ń fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́, ó ń fi tuntun lé e. Níbi tí irin bá ti rì púpọ̀, kíkì ló yẹ ẹ́. Níbi tó bá ti jẹ́ díẹ̀ ló rì, ti Derby ni mo fara mọ́, nítorí ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé sílípà ló kọ́kọ́ rò ó.

Ṣùgbọ́n ìrì inú òwe wa ṣì wà níbẹ̀. Èérún òkúta àti erùpẹ̀ a máa dí àyè tí omi ń gbà lọ, òjò á sì sọ wọ́n di ẹrẹ̀. Ẹrẹ̀ kò gba kíkì, kò gba fífẹ́. Ẹ̀rọ mìíràn ló ń wá sí irú ibẹ̀, tó ń na ṣéènì gba abẹ́ sílípà kọjá, tó ń gbẹ́ gbogbo òkúta jáde, tó sì ń kó o sórí ajọ̀ tí ń mì. Ẹni tó ń jọ gàrí ń kó èyí tó kúnná, ó ń yọ gbágungbàgun sápá kan. Níhìn-ín, gbágungbàgun ló ń padà sábẹ́ irin, èyí tó kúnná ni wọ́n ń dà nù.

Ojú irin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kì tàbí jọ̀ rẹwà lójú, bẹ́ẹ̀ ìgbà náà gan-an ni kò lágbára. Òkúta ti tú, wọn kò tíì há mọ́ra, bí oòrùn bá sì mú kí irin gùn sí i, ó lè ti sílípà yẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ wọ́. Nítorí náà ẹ̀rọ kan tún ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, tó ń gbá irin mú, tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tó sì ń mì í sọ́tùn-ún sósì kí òkúta lè jókòó. Níbi tí kò bá ti sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ fúnra wọn ló ń ṣe iṣẹ́ náà: awakọ̀ á dín eré rẹ̀ kù, á rọra kọjá, ọkọ̀ mìíràn á tún rọra kọjá, títí àwọn òkúta yóò fi di ara wọn mú.